Bùkọ́lá Lọ Gba Àbúrò Rẹ̀ Sílẹ̀ ní Steilshoop

Bùkọ́lá ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ìdirun rẹ̀ ní Gesundbrunnen, ó wọ ọkọ̀ ojú irin láti Berlin lọ sí Hamburg. Ará ṣọ́ọ̀ṣì wọn kan ló mú ìròyìn wá pé ìyàwó Olúdàpọ̀, àbúrò rẹ̀, ń fojú ọkọ gbolẹ̀.

Oyèrónkẹ́, ìyàwó náà, kúnlẹ̀ kí i lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn ní Steilshoop.

“Ẹ káàbọ̀, Àǹtí. Ẹ kú ìrìn.”

Ó gba gàrí tí Bùkọ́lá gbé wá fún wọn, ó sì ki ọwọ́ bọ inú ọ̀rá náà títí dé ìsàlẹ̀.

“Kí lò ń wá níbẹ̀?”

“Kò sí nǹkan kan, mà. Gàrí yìí mà dáa o.”

Bùkọ́lá rò ó wò. Ọdún tó kọjá ni Oyèrónkẹ́ gba ìwé ìgbélùú gbére. Bóyá òun ló ń gùn ún.

Wọn ò tíì jẹun tán tí Dàpọ̀ fi ti ibi iṣẹ́ dé.

“Dúró síbẹ̀!” Ohùn Oyèrónkẹ́ ti yí padà. “Kọjú sí ògiri. Gbọ́wọ́ sókè!”

Dàpọ̀ gbọ́wọ́ sókè. Ìyàwó rẹ̀ tú àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó ṣí fìlà orí rẹ̀ wò, ó mú fóònù rẹ̀.

“Ta ló fún ọ ní èyí?”

“Èmi ni mo ni ín, mà.”

Mà! Omijé lé sójú Bùkọ́lá.

“Oyè,” Dàpọ̀ rọra sọ, “o gbàgbé ìbọ̀sẹ̀.”

Oyèrónkẹ́ kọ hàà, ó bẹ̀rẹ̀, ó tú ìbọ̀sẹ̀.

Wọ́n ti fi nǹkan fún àbúrò òun jẹ, ìyẹn dá Bùkọ́lá lójú. Ó fà á wọ yàrá. Wọ́n ti yí mátírẹ́ẹ̀sì dojú dé.

“Kó ẹrù ẹ. Berlin là ń lọ báyìí.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù díẹ̀. A ti jọ pinnu pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbọ́ báyìí.”

“Ṣé ó ń lù ẹ́ ni?”

“Rárá o! Wọn ò gbà wọ́n láyè láti lu èèyàn.”

Fóònù dún ní pálọ̀. Oyèrónkẹ́ sọ Jámánì díẹ̀, ó sì figbe ta. Bùkọ́lá sáré jáde.

“Wọ́n gbà mí, Àǹtí!” Oyèrónkẹ́ so mọ́ ọn lọ́rùn. “Wọ́n ní ìwé ìgbélùú gbére ti tó, kò dìgbà tí mo bá di ọmọ Jámánì: mo ti di wọ́dà ọgbà ẹ̀wọ̀n! Dàpọ̀, ẹlẹ́wọ̀n tí mo fi ń dánra wò, mo tú ọ sílẹ̀!”