Ife Omi Kan Lẹ́nu Géètì

Ara ń fu Lámidi, olùṣọ́ géètì ilé ìjọba. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéwùsì, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, ló gbé ìmọ̀ràn dé: kí omi ẹ̀rọ máa yọ ní wákàtí kan péré lójúmọ́. Bí ìwé ìmọ̀ràn ẹ̀ bá gba géètì wọlé, ó di olùdámọ̀ràn gómìnà nìyẹn. Àmọ́ òfin ní kó kọ́kọ́ fi oṣù mẹ́ta tọ́ ọ wò nílé ara ẹ̀, bí ẹlẹ́mu ṣe ń kọ́kọ́ mu ẹmu ẹ̀. Lónìí, Ọ̀jọ̀gbọ́n na ìwé náà sí Lámidi, ó ní oṣù mẹ́ta òun ti pé.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, aṣọ yín mà funfun o."

"Ìyàwó mi ló mọ omi ṣọ́ lò, bàbá."

Lámidi rẹ́rìn-ín, ó bu omi fún un. Ọ̀jọ̀gbọ́n mu ún dé ìdajì, ó dúpẹ́, ó sì da ìyókù sílẹ̀.

Lámidi wo ilẹ̀ tó tutù yẹn títí. Ó dá ìwé padà fún un.

"Ẹ máa lọ sílé, sà. Òní gan-an ni ọjọ́ kìíní oṣù mẹ́ta yín."