Imú Verlon àti Ààlà Mérílándì

"Bí mo bá wà lórí òṣùpá, imú mi á gbóòórùn ààlà Mérílándì!"

Verlon ló ń fọ́nnu nílé oúnjẹ Darlene.

Ìwé àṣẹ tó fi ń gbé ìbọn ìléwọ́ sábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì ò kọjá Pẹnsilfáníà. Bó bá gbé e wọ Mérílándì, ẹ̀wọ̀n ni.

"Kí n tó dé ààlà, mo ti yọ ọta, mo ti ti ìbọn mọ́ búùtù. Wọn ò tíì bí ọlọ́pàá tó máa mú mi!"

Darlene ń bu kọfí fún un, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Bọ̀ọ̀dá Verlon, yàrá tuntun tí mo kọ́ kún ilé yìí ńkọ́, tẹ́ ẹ jókòó sí?"

"Ó rẹwà!"

"Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ yẹn ni ààlà. Mérílándì lẹ ti ń jẹun látàárọ̀."

Verlon fò kọjá tábìlì, ó sá padà sí Pẹnsilfáníà, àga ṣì há mọ́ ọn nídìí.