Kámẹ́rà Èjìká Tí Kò Gba Ohùn Bàbá

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ dákun, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á tán, kí ẹ wá fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó fẹ́ ra kámẹ́rà àkọ́kọ́. Inú ń bí mi sí ọ̀rọ̀ náà títí di òní.

1.
Ọmọ Inísà ni Ṣẹ́gunfúnmi. Ọdún méjì ló fi kọ́ṣẹ́ fídíò lọ́dọ̀ Ọ̀gá Akínyẹlé ní Ìkìrun. Nígbà tó ṣe fíríìdọ̀mù, màmá rẹ̀ kó owó àjọ fún un pé kó lọ ra kámẹ́rà tirẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ pè é jókòó.

"Ṣẹ́gun, owó ọwọ́ ẹ ò pọ̀. Kámẹ́rà kékeré tòkunbọ̀ ni kó o rà, èyí tó ṣe é ki máìkì bọ̀. Kó o tó sanwó, fi ya ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kó o wá ki íápíìsì sétí, kó o gbọ́ ọ."

"Kékeré kẹ̀, ọ̀gá? Wọ́n á ní ọmọṣẹ́ ṣì ni mí."

"Abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ohun tí mo sọ ni kó o ṣe."

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń rí lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá gbé kámẹ́rà ńlá lé èjìká wọ òde, wọ́n á yà fún un lọ́nà, wọ́n á gbé oúnjẹ fún un ṣáájú àlejò. Ẹni tó mú kékeré dání, wọ́n á ní kó sún sẹ́yìn. Ìyẹn ló wà lọ́kàn Ṣẹ́gunfúnmi.

2.
Ó wọ mọ́tò lọ sí Òṣogbo. Ó rí kámẹ́rà èjìká kan, dúdú, ńlá, ògbólógbòó. Ẹni tó ń tà á ní, "Bọ̀dá, ẹ ò rí i bó ṣe yẹ yín!" Orin ń pariwo ní ṣọ́ọ̀bù kejì. Ṣẹ́gunfúnmi wo àwòrán, ó mọ́lẹ̀. Ṣé ó wá gbọ́ ohùn? Rárá o! Dígí ló ń wò, ó ń wo ara rẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà lórí èjìká. Gbogbo owó màmá rẹ̀ ló kó sílẹ̀, kò ku ti máìkì, kò ku ti íápíìsì.

3.
Ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Motọ́láyọ̀, ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ará Òkukù ni ọkọ ìyàwó. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti ṣe bàbá Ṣẹ́gunfúnmi àti Motọ́láyọ̀, odidi oṣù mẹ́jọ ni wọn kò fi lè sọ̀rọ̀, kí Ọlọ́run tó dá ohùn wọn padà díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ náà, Motọ́láyọ̀ kúnlẹ̀ níwájú wọn, wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í súre fún un. Gbogbo ilé ń ṣe àmín, omi ń bọ́ lójú àwọn àgbà.

Kíkẹ́lọmọ, ọmọ àbúrò bàbá wọn, yọ fóònù, ó fẹ́ gbà á sílẹ̀.

"Gbé fóònù yẹn sọ̀kalẹ̀ jàre!" ni Ṣẹ́gunfúnmi jágbe mọ́ ọn. "Ṣé o ò rí kámẹ́rà ni? O ń dí mi lójú!"

Ọmọ náà ti fóònù bọ àpò. Ẹ ò rí ayé mi lóde? Fóònù yẹn ì bá kó gbogbo wọn yọ.

4.
Lọ́jọ́ Ajé, ó gbé iṣẹ́ náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n tan án wò: Bàbá ń lanu, wọ́n ń panu dé, kò sí ohùn. Akínyẹlé tú kámẹ́rà náà wò. Máìkì inú rẹ̀ ti kú. Ibi tí wọ́n ń ki máìkì bọ̀, ihò lásán ni, kò sí wáyà nídìí rẹ̀.

"Padà sílé báyìí," ni ọ̀gá rẹ̀ wí. "Lọ bẹ Bàbá kí wọ́n tún àdúrà yẹn ṣe. Kámẹ́rà mi rèé, mú un lọ."

"Ọ̀gá, wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Yẹ̀yẹ́? Bàbá ẹ ṣì wà láyé, yẹ̀yẹ́ lò ń rò!"

Kò lọ. Bí Motọ́láyọ̀ bá pè é láti Òkukù, á ní, "Ó ti kù díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní sùúrù." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń purọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, Bàbá sùn, wọn kò jí mọ́.

5.
Lẹ́yìn ìsìnkú, Motọ́láyọ̀ ní, "Gbé fídíò yẹn wá. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn Bàbá mi."

Irọ́ tán. Ó tan fídíò náà. Motọ́láyọ̀ yí ohùn rẹ̀ sókè títí kò lọ mọ́. Ó sún mọ́ ọn, ó ń wo ẹnu Bàbá.

"Ṣẹ́gun, ohùn wọn dà?"

Ṣẹ́gunfúnmi dọ̀bálẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Motọ́láyọ̀ pa fídíò náà.

"Ẹkún ni mò ń sun lọ́jọ́ yẹn, mi ò gbọ́ ọ délẹ̀. Ìwọ lo dúró tì wọ́n. Kí ni wọ́n sọ fún mi?"

Kò sí gbólóhùn kan tí Ṣẹ́gunfúnmi rántí. Ní gbogbo ìgbà tí Bàbá ń súre, àwọn tó ń wo kámẹ́rà rẹ̀ ló ń wò.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má ra kámẹ́rà nítorí ojú ayé. Ẹ ra èyí tí apá yín ká, ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Bí nǹkan bá sì bàjẹ́, ẹ tètè jẹ́wọ́ nígbà tí àtúnṣe ṣì wà. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.