Ẹni Tó Ń Sunkún Ní Yàrá Aṣọ

Ẹnìkan ń sunkún ní yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ ibùsùn sí. Àwọn aláìsàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ọ̀sán ni, lẹ́yìn oúnjẹ, nígbà tí wọ́ọ̀dù bá pa rọ́rọ́. Ẹkún náà kì í pẹ́. Ohùn obìnrin ni, bíi pé ó fi nǹkan di ẹnu. Lẹ́yìn náà omi ẹ̀rọ á dún, ilẹ̀kùn á ṣí, ó tán.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi dé etí ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn. Ó ránṣẹ́ pe olórí àwọn nọ́ọ̀sì, obìnrin tí gbogbo wọ́ọ̀dù ń pè ní Màmá. Ó ní ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ kò yẹ lẹ́ni tó ń tọ́jú àwọn tí àjàkálẹ̀ àrùn ń bá jà; lọ́jọ́ kan, onítọ̀hún á fún aláìsàn ní oògùn tí kì í ṣe tiẹ̀. Kí Màmá wá a jáde, kí onítọ̀hún máa lọ sílé, kó má sì padà wá mọ́. Òun fúnra òun á wá gba orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì.

Màmá ní òun ti gbọ́.

Obìnrin líle ni. Láti ìgbà tí àrùn náà ti bẹ́ sílẹ̀, òun ló ń yẹ aṣọ ààbò gbogbo wọn wò kí wọ́n tó wọlé. Bí okùn ìbòmú ẹnìkan bá dẹ̀, á dá a padà bí ọmọ tó gbàgbé bàtà sílé. Òun náà ló ń pe àwọn ẹbí lórí fóònù bí aláìsàn bá kú. Nígbà tí àrùn náà pa méjì nínú àwọn nọ́ọ̀sì, òun ló pe àwọn ìyá wọn. Àwọn tó wà nítòsí ní ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n rárá.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó kó àwọn nọ́ọ̀sì jọ, ó sì sọ ohun tí ọ̀gá àgbà wí. Kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ohunkóhun. Ó ní kí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́.

Àwọn tó ń gbé oúnjẹ wá ní Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ọ̀rọ̀ náà sì jọ òótọ́. Òun ló kéré jù nínú àwọn nọ́ọ̀sì. Ọ̀kan nínú àwọn méjì tó kú, yàrá kan náà ni wọ́n jọ ń gbé, ibùsùn onítọ̀hún ṣì wà níbẹ̀ tí òun ń tẹ́ láràárọ̀. Kì í bá àwọn yòókù jẹun mọ́. Obìnrin tó ń nu ilẹ̀ sì ti rí i lọ́sàn-án kan níwájú yàrá aṣọ, tó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, tó kàn ń wo ilẹ̀.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, Ìyá Ìbejì kó àwọn nọ́ọ̀sì yòókù lọ sẹ́yìn ilé, níbi tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Òun ló dàgbà tẹ̀ lé Màmá. Wọn ò pe Màmá. Ìyá Ìbejì ní kò sí ẹni tí kì í sunkún nínú wọn. Inú ọkọ̀ lòun ti máa ń sun tòun, kí òun tó délé bá àwọn ìbejì. Gìrìpá, nọ́ọ̀sì ọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n ní, sọ pé balùwẹ̀ ni tòun. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà Pẹ́lẹ́ńgẹ́ sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, gbogbo wọn sì gbà.

Ọ̀gá àgbà dé lọ́jọ́ Ẹtì. Kò wọ inú wọ́ọ̀dù. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ó fi ìbòmú méjì léra. Àwọn nọ́ọ̀sì tò níwájú rẹ̀. Ó ní kí Màmá dárúkọ ẹni náà.

Màmá fa aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ kó lè tọ́.

“Ọ̀gá,” ó ní, “ẹni tí ẹ ń wá yẹn—”

“Èmi ni, sà,” Pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Màmá yíjú sí i. “Dákẹ́.”

“Mi ò ní dákẹ́, mà.”

Ìyá Ìbejì bọ́ síwájú, ó ní irọ́ ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń pa, òun ni. Gìrìpá ní kí wọ́n má dá àwọn méjèèjì lóhùn, òun ni. Ọ̀gá àgbà ní ohùn obìnrin ni wọ́n gbọ́.

“Bí mo bá ń sunkún, sà, ohùn mi máa ń tín-ín-rín,” Gìrìpá fèsì, pẹ̀lú ohùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ mi fèrèsé.

Màmá tún la ẹnu, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Bí ọ̀kan ṣe ń wí, bẹ́ẹ̀ ni èkejì ń gbà á, títí kan obìnrin tó ń nu ilẹ̀. Inú bí ọ̀gá àgbà. Ó ní òun á lé gbogbo wọn.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ lọ síbi tí wọ́n ń gbé aṣọ ààbò kọ́, ó mú ọ̀kan, ó nà án sí i.

“Ẹ gbà, sà. Wọ́ọ̀dù kún. Bí ẹ bá lé wa, ẹ wọ èyí, kí ẹ máa wọlé lọ. Bó bá jẹ́ àwa lẹ fẹ́ kó wọlé, ẹ fún wa ní yàrá kan tó ní àga, àti ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́. Àwa tá à ń sunkún yìí náà la ò sá lọ.”

Nínú wọ́ọ̀dù, aláìsàn kan ń wúkọ́, kò sì tètè dáwọ́ dúró. Ọ̀gá àgbà wo aṣọ náà. Kò gbà á. Níkẹyìn, ó ní òun á wá yàrá fún wọn kó tó di ọjọ́ Ajé, àti ẹni tí yóò máa jókòó níbẹ̀. Ó yára lọ, kò sì tún béèrè orúkọ ẹnikẹ́ni.

Àwọn yòókù padà sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n Pẹ́lẹ́ńgẹ́ dúró, ó di ọwọ́ Màmá méjèèjì mú, ó ní, “Bí ẹkún bá tún dé, mà, ẹ má wọ yàrá aṣọ lọ mọ́, ọ̀dọ̀ wa ni kí ẹ ti wá sun ún.”