Agbárí Àgbáǹréré Méjì tí Rhoda Kò Wọ̀n

Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ni nínú yín tó lè búra pé òun ò fi ìkánjú ba nǹkan jẹ́ rí, kí òun sì dákẹ́ nígbà tí wọ́n di ẹ̀bi rẹ̀ ru ẹlòmíràn? Àbùkù tí Rhoda ní nìyẹn. Ó máa ń kánjú, kì í sì í lè sọ pé, "Èmi ni mo jẹ̀bi."

Olùkọ́ ni Rhoda ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Òmù-Àrán, nígbà tí Ìpínlẹ̀ Kwara ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́ta. Òun ló ń bójú tó yàrá egungun ẹranko. Ohun tó níyì jù níbẹ̀ ni agbárí àgbáǹréré méjì, ọ̀kan ti èyí tí wọ́n ń pè ní dúdú, ọ̀kan ti funfun, bẹ́ẹ̀ àwọ̀ eérú ni ẹranko méjèèjì ní nígbà tí wọ́n wà láàyè. Ìwo méjì-méjì ló wà lórí wọn. Ìwo náà kì í ṣe egungun. Bí orí bá ti gbẹ, ó ṣeé yọ.

Kí Bàbá Bámigbóyè, olùkọ́ àgbà, tó fẹ̀yìn tì lọ sí Èsìé, ó kìlọ̀ fún un.

"Rhoda, má fi gígùn ìwo dá wọn mọ̀ o. Orí ni kó o wò. Ti funfun gùn, ìpàkọ́ rẹ̀ yọ sẹ́yìn, ìdí ìwo iwájú rẹ̀ sì tẹ́ níwájú. Ti dúdú kúrú, ìdí ìwo tirẹ̀ rí roboto. Fi téèpù wọn orí kó o tó kọ orúkọ."

"Mo ṣèlérí, sà."

Lọ́dọọdún, Salaudeen tó ń tún yàrá náà ṣe, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, a yọ àwọn ìwo, a fi òrí pa wọ́n kí kòkòrò má baà jẹ wọ́n, a sá wọn sórí ẹní. Lọ́dún náà, ó lọ kírun Jímọ̀, òjò àkọ́rọ̀ sì ṣú. Rhoda sáré kó gbogbo rẹ̀ wọlé. Ó gbé ìwo tó gùn lé orí tó sún mọ́ ọn, ó gbé ìyókù lé èkejì, ó kọ orúkọ sí káàdì, ó tilẹ̀kùn. Téèpù wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, kò fà á yọ.

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀lé e, alábẹ̀wò ilé-ìwé dé láti Ìlọrin. Ó gbé ìwo kan wò, ó gbé e padà sórí agbárí, ìwo náà kò jókòó dáadáa. Kò tilẹ̀ wo èkejì.

"Ìwo yìí kì í ṣe ti orí yìí. Wọ́n ti jí ojúlówó rẹ̀ tà. Ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀?"

Rhoda dáhùn, "Salaudeen ni, sà."

"Tíṣà, ẹ bá mi sọ̀rọ̀," Salaudeen bẹ̀ ẹ́. "Ẹ mọ̀ pé mọ́sáláṣí ni mo wà nígbà tí òjò ṣú."

Rhoda ń wo ilẹ̀. Ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì ní bí ìwo náà ò bá jáde títí di Jímọ̀, ọlọ́pàá ni yóò mú Salaudeen.

Láàárín ọjọ́ méjì yẹn, wọ́n ń fi Jàrátù, ìyàwó rẹ̀, ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́nu ẹ̀rọ omi: "Ìyàwó oníwo, ẹ bù fún wa nínú owó ìwo!" Kò dá wọn lóhùn. Ó wọ mọ́tò Èsìé, ó lọ bá Bàbá Bámigbóyè tó mọ àwọn agbárí náà jù lọ.

Nígbà tí bàbá náà dé ní Jímọ̀, ọlọ́pàá ti di ọwọ́ Salaudeen mú. Bàbá lọ tààrà sídìí àwọn agbárí náà. Ó yọ àwọn ìwo, ó pààrọ̀ wọn. Wọ́n jókòó régé bí ìdérí lórí ìkòkò.

"Ohunkóhun ò sọnù. Ta ló to ìwo wọ̀nyí?"

Rhoda wo ọwọ́ Salaudeen lábẹ́ ọwọ́ ọlọ́pàá.

"Èmi ni, sà."

"O wọn orí?"

"N ò wọ̀n ọ́n."

"O sì jẹ́ kí wọ́n pe ọmọlọ́mọ lólè!"

Ipò igbákejì ọ̀gá tí Rhoda ti ń retí láti ọdún mẹ́fà bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọ́n gbé e lọ sí ilé-ìwé kékeré kan ní Bàbáńlá. Kó tó lọ, ó kúnlẹ̀ bẹ Salaudeen níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

"Mo ti dárí jì yín, Tíṣà," ni Salaudeen wí. "Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ yẹn, ẹ gbé e fún ẹlòmíràn. Mi ò gbà á mọ́."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rèé. Ẹ fara balẹ̀ kẹ́ ẹ tó fún nǹkan lórúkọ. Bí ẹ bá ṣàṣìṣe, ẹ tètè jẹ́wọ́, torí Ọlọ́run rí yín, ẹni tí ìdákẹ́ yín ń pa lára sì ń wò yín lójú. Ọlọ́run dárí jì í, Salaudeen náà dárí jì í, síbẹ̀ Salaudeen ò gba kọ́kọ́rọ́ náà mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tí Rhoda máa wọ mọ́tò Bàbáńlá, ó yà sí yàrá náà. Ó wọn agbárí kìíní láti imú dé ìpàkọ́, ó wọn èkejì, lẹ́yìn náà ló tó kọ orúkọ sí káàdì tuntun, bó ṣe ṣèlérí fún Bàbá Bámigbóyè.