Àkàtàǹpó Ìdílé Ìbíyẹmí

Simeon Ìbíyẹmí kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ parí. Kò sí ohun tí o máa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un tí kò ní sọ pé, "Mo ti mọ̀." Nínú ilé tí a jọ ń gbé ní Baruwa, Bọ̀dá Mo-ti-mọ̀ là ń pè é lẹ́yìn.

Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ẹ̀gbọ́n bàbá náà obìnrin gbé àkàtàǹpó ìdílé wá fún un láti Èkìtì, torí òun ni dáwódù. Ọrun tí wọ́n kàn mọ́ igi gbọọrọ ni, pẹ̀lú ọfà onírin kan. Àṣà wọn ni pé ẹni tó máa gbà á gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ohun tó jẹ́ àti ìlò rẹ̀ tẹ̀ lé àgbà.

"Simeon, wí tẹ̀ lé mi," ni màmá náà sọ. "Àkàtàǹpó, ohun ogun ni. A kì í kọjú rẹ̀ sí ẹni tí a kò fẹ́ pa."

"Mo ti mọ̀, Màámi. Bíi rọ́bà tí àwọn ọmọdé fi ń ta ẹyẹ náà ṣá ni."

"Kí ìbọn tó dé, òun ni wọ́n fi ń gbèjà ìlú. Wí i."

Àìmọ̀kan, àìmọ̀kàn ní ń mú èkúté ilé pe ológbò níjà. Simeon rẹ́rìn-ín, ó sì gbà á lọ́wọ́ ìyá arúgbó láìwí ọ̀rọ̀ náà tẹ̀ lé e.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó fi okùn tuntun sí i, ó gbé e jáde wá fi ṣe fáàrí. Ó ki ọfà bọ̀ ọ́, ó fà á, ó kọjú rẹ̀ sí ibi ẹ̀rọ omi. Fàdìlàt, ọmọ Jibril ará ilé wa, ń pọn omi níbẹ̀.

Jibril ní, "Bọ̀dá Simeon, ẹ kọjú ẹ̀ síbòmíì jàre. Ọmọ mi wà níbẹ̀."

"Mo ti mọ̀."

Bó ṣe sọ ọ́ tán ni okùn yọ. Ọfà náà fa ìbòrí ọmọ náà ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, ó sì gún ilẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Okùn yẹn náà ló gé àtàǹpàkò Simeon, tó gbé sí ojú ọ̀nà rẹ̀. Jibril gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra, "Alhamdulilahi" nìkan ló ń wí. Èmi tí mo jẹ́ Kristẹni kúnlẹ̀ tì í, mo bá a dúpẹ́.

Màmá padà wá láti Èkìtì. Ó pe Olúwatósìn, àbúrò Simeon, ìyẹn sì wí i tẹ̀ lé e láìfo ọ̀rọ̀ kan. Simeon náà ń wí i níbi tó jókòó sí, wọ́n ti fi báńdéèjì wé ọwọ́ rẹ̀, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọsán já, ọrún dọ̀pá. Màmá gbọ́ ohùn rẹ̀, ṣùgbọ́n Olúwatósìn ló gbé àkàtàǹpó lé lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí àgbà bá ń sọ ìlò nǹkan fún wa, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ parí, kódà bí a bá rò pé a mọ̀ ọ́n. Ohun àtijọ́ kì í gbàgbé iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ ṣe é. Láràárọ̀ tí Fàdìlàt bá ń lọ sílé ìwé tó sì kí mi pé, "Ẹ káàárọ̀ mà," mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé àtàǹpàkò la fi ra ẹ̀kọ́ yìí, kì í ṣe ọmọ.