Ohun Tí Ìyá Àgbà Ń Bèèrè

"Ọkọ... ọkọ," ni Ìyá Àgbà ń wí lórí ẹní àìsàn. Láti àárọ̀ ni ahọ́n rẹ̀ ti wúwo, kò lè gbé ohùn sókè sódò mọ́.

"Bàbá Àgbà ni wọ́n ń pè," ni ọmọ-ọmọ rẹ̀ wí.

"Rárá o, ọkọ́ ni," ni bàbá ọmọ náà fèsì. "Ìdí ebè ni wọ́n bí mi sí. Ọkọ́ ni wọ́n fi tọ́ gbogbo wa."

Ó mú ọkọ́ tí ẹ̀rúkọ́ rẹ̀ ń dán wá, ó fi lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ìyá tì í dànù. Ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ń ròyìn oko àtijọ́ lọ títí ohùn ìyá náà fi dákẹ́.

Nígbà tó fẹ́ pa ojú ìyá rẹ̀ dé ló rí ìka tó ṣì nà sí fèrèsé. Ọkọ̀ tó gbé wá sílé ló wà níta níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lápò òun.